Àwọn Wákàtí Tí N Kò Kọ Sílẹ̀

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ti dé Ìkirè, ẹni méjìlá ló sì ti bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni mo fẹ́ di dókítà lọ́hùn-ún, kí ló wá dé tí kò tíì ṣeé ṣe. Mo dá àwọn kan lóhùn, mo rẹ́rìn-ín fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bọ̀dá Táyọ̀, tíṣà àdúgbò wa, wí lójú gbogbo ènìyàn pé, "Àwọn ọmọ ìwòyí, eré ni wọ́n lọ ṣe níbẹ̀," mo pinnu pé n óò kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, ẹ̀sùn lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹni tó bá fẹ́ dájọ́ lè rí ohun dá a lé lórí.

Bí mo ṣe rí ìwé gbà àti iye ọkọ̀ òfuurufú tí mo wọ̀ kò kan ẹnikẹ́ni. Ibi tó ti dùn mí ni n óò ti bẹ̀rẹ̀.

Redan

Ilé Aunty mi, àbúrò bàbá mi obìnrin, ni mo dé sí ní Redan, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ọkọ wọn ti kú, àwọn ọmọ ti ṣí lọ sí ìlú mìíràn. Àwa méjì péré la wà nínú ilé oníyàrá mẹ́rin. Koríko iwájú ilé mọ́lẹ̀ bí irun orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ̀. Ilé tó tẹ̀lé e jọ ọ́, èyí tó tẹ̀lé ìyẹn náà jọ ọ́, títí dé ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́nà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde dúró síwájú ilé kí n lè kí ẹni tó bá ń kọjá. Mo dúró fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Ajá méjì àti ọkùnrin kan tó ń sáré lẹ́yìn wọn nìkan ló kọjá. Irun ọkùnrin náà ti funfun, nítorí náà mo kúnlẹ̀ díẹ̀. Ó bojú wo bàtà mi, bóyá okùn rẹ̀ ló tú tí mo fẹ́ so.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀, Aunty rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Mojí, má kúnlẹ̀ fún wọn mọ́ o. Wọ́n á rò pé o dákú ni, wọ́n á pe áńbúláǹsì."

Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi àti Aunty, tó sì tọ́ èmi náà dàgbà, ti di dòdò Ìkirè fún mi, ọ̀rá mẹ́wàá. Mo kó o lé Aunty lọ́wọ́. Wọn kò kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Wọ́n tú ọ̀rá kan, wọ́n gbé e símú, wọ́n dijú. Ó pẹ́ kí wọ́n tó lajú.

"Ṣé ẹ̀bá ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n ṣì ti ń tà á?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Aunty kó mẹ́sàn-án tó kù sínú fíríìsà, wọ́n ń jẹ ọ̀kan lọ́sẹ̀ bí ẹni ń lo oògùn. Ọdún mẹ́rìnlá ni Aunty kò tíì délé.

Ẹ̀sùn mi kìíní kò ju ìlà méjì lọ. Mo ti lo ọdún méjì ní yunifásítì nílé kí n tó lọ. Wọ́n ní kò kà, àfi kọ́ọ̀sì mẹ́ta, mo sì tún kẹ́mísírì tí mo ti fi àbẹ́là kà tẹ́lẹ̀ kà, pẹ̀lú àwọn tí mo fi ọdún méjì jù lọ.

Ọ́fíìsì Ìyá Oníwákàtí

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo wọ̀ ní Atlanta, obìnrin kan wà tó ń gba àwọn tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ dókítà nímọ̀ràn. Èmi àti Aunty ń pè é ní Ìyá Oníwákàtí nínú ilé. Ó ní kí n máa pe òun lórúkọ. Obìnrin tó tó ìyá mi í bí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi sá fún orúkọ náà. Bó bá ti di dandan kí n pè é, n óò wúkọ́.

Ó ṣàlàyé fún mi pé máàkì nìkan kì í mú ẹnikẹ́ni wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí o ń ṣe nígbà tí o bá pa ìwé dé: ẹni tí o ràn lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, dókítà tí o tẹ̀ lé kiri, ìwádìí tí o bá wọn ṣe, ẹgbẹ́ tí o darí. Láti ọdún kìíní ló yẹ kí ènìyàn ti ṣètò rẹ̀, sáà sí sáà, bí ẹni ń kọ ebè. Àlàfo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà nínú fóòmù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń béèrè iye wákàtí, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó lè jẹ́rìí.

"Kí lo ti ṣe rí?" ló bi mí.

"Mo tọ́jú ìyá àgbà mi. Ojú wọn kò ríran dáadáa. Láti ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kán oògùn sí i, tí mo ń mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn."

"Ó dára gan-an. Wákàtí mélòó lọ́sẹ̀?"

Mo rò pé n kò gbọ́ ọ dáadáa. "Inú ilé kan náà la jọ ń gbé."

"Mo mọ̀. Fojú bù ú."

"Ta ló máa ń ka ìyẹn?"

"Ta ló lè jẹ́rìí sí i?"

"Àwọn fúnra wọn."

Ó ní ẹbí kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ó fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan fa ọdún mẹ́jọ mi rẹ́ lórí ìwé, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi. "A máa rí nǹkan mìíràn." Ẹ̀sùn kejì nìyẹn, n kò sì tíì dárí rẹ̀ jì.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn àgbà wí, pé a kì í ṣoore tán ká tún lọ́ṣọ̀ọ́ tì í. Fóòmù yẹn, ìlọ́ṣọ̀ọ́ ni láti orí dé ẹsẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa tó ti ń ka wákàtí láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ó ti wọkọ̀ òfuurufú lọ sí orílẹ̀-èdè kan fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó pín búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fún wọn, fọ́tò rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi mí bóyá mo mọ abúlé kan ní Nàìjíríà tó nílò búrọ́ọ̀ṣì. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Òun ló bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ tí òtútù kọ́kọ́ fojú mi rí nǹkan. Mo dúpẹ́, mo ní a ṣì ní pákò.

Èmi náà forúkọ sílẹ̀ láti ṣe volunteer ní ilé ìwòsàn ńlá kan. Wọ́n wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé fún mi, wọ́n mú mi dúró ti kẹ̀kẹ́ kan tí bùláńkẹ́ẹ̀tì kún inú rẹ̀. Wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀. Bí aláìsàn bá ń sunkún nínú yàrá, n kò gbọdọ̀ wọlé tọ̀ ọ́, bùláńkẹ́ẹ̀tì ni tèmi. Ẹ̀rọ kan lára ògiri ń ka wákàtí mi. Ìyẹn kà.

Clarkston

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ìyàwó pásítọ̀ dìde, wọ́n ní Màmá Clarkston nílò ẹni tí yóò máa bá wọn lọ sí ọsibítù. Káyọ̀dé, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ń gbé ní Loganville, ojoojúmọ́ ló sì ń lọ síbi iṣẹ́. Mo nawọ́. N kò ronú kan fóòmù kankan. Màmá náà wà lápá iwájú mi, mo ti rí bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ wá àga kí wọ́n tó jókòó. Bí Màmá Àgbà mi ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn.

Ọmọ Ìlá ni Màmá Clarkston. Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ti mú nínú ìríran wọn, ó sì dá egbò sí wọn lẹ́sẹ̀. Ọsibítù ní ẹni tó ń túmọ̀ èdè lórí fóònù, ṣùgbọ́n Màmá kọ̀ ọ́ jálẹ̀.

"Ohùn tí mi ò rójú ẹ̀? Kí n máa wá ròyìn bí mo ṣe ń tọ̀ fún ohùn? Mojí, ìwọ wí fún wọn."

Mo wí fún wọn.

Ní ẹnu ọ̀nà ọsibítù yẹn, wọ́n máa ń tẹ sítíkà jáde fún àlejò: orúkọ rẹ, ọjọ́, àkókò tí o wọlé. Àyà rẹ ni o máa lẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí a bá ti ń jáde, Màmá á fọwọ́ wá a láyà mi, wọ́n á ṣí i jẹ́jẹ́ bí ẹni ń yọ ẹ̀gún, wọ́n á fi sínú báàgì wọn. Mo rò pé wọ́n ń bá mi wá ibi tí wọn óò jù ú sí ni.

Lẹ́yìn náà, a ó padà sílé wọn ní Clarkston. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ wá láti gbogbo ibi tí ogun ti lé ènìyàn. Aládùúgbò Màmá jẹ́ ìyá arúgbó kan láti Burma. Àwọn méjèèjì kò gbọ́ èdè ara wọn, ti Òyìnbó pàápàá kò yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìyá yìí gbin nǹkan sẹ́yìn ilé. Lọ́jọ́ tí Màmá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, tí wọ́n já ewé kan fi sẹ́nu, orúkọ ọkọ wọn tó ti kú ni wọ́n pè. Ìṣápá ni ewé náà.

Pupa ni, kì í ṣe funfun tí a ń sè. Màmá ní kò burú, àlejò lòun náà. Àwọn ará Burma, ewé rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ; àwa, òdòdó rẹ̀. Nítorí náà ìjà kò sí. Ọ̀kan á máa ká ewé, èkejì á máa ká òdòdó, olúkúlùkù á máa sọ̀rọ̀ lédè tirẹ̀, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ. Iyán inú páálí ni Màmá ń rò sí ọbẹ̀ náà. Bí mo bá ti fi òkèlè kìíní kan ẹnu, ìdáná Màmá Àgbà á dúró síwájú mi, pẹ̀lú èéfín rẹ̀, pẹ̀lú àpótí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Omi á bọ́ lójú mi.

"Ata ni," Màmá á wí, láìtíì yíjú. "Mu omi."

Ọdún méjì ó lé ni mo fi ń lọ. N kò kọ wákàtí kan sílẹ̀.

Ohùn tútù

Nígbà tí àkókò fóòmù tó, ìgbìmọ̀ kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ló gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìfọwọ́sí fún mi. Láìsí ìwé yẹn, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kò ní ṣí fóòmù mi wò. Aunty yọjú wo kọ̀ǹpútà mi pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Màmá Clarkston ńkọ́?"

"Aunty, ìyẹn ti di ẹbí. Ṣé kí n wá máa fi Màmá gba ipò ni?"

"Ta ló ní o gba ipò? Òótọ́ ni kó o kọ. Ibí yìí kì í ṣe Ìkirè. Ohun tó o bá ṣe níbí tó ò pariwo ẹ̀, o ò ṣe é nìyẹn. Jẹ́ n máa lọ, shift mi ti ń dúró."

Mo kọ ọ́. Mo fojú bù ú sí igba wákàtí, mo kọ orúkọ Màmá àti nọ́ńbà wọn. Ṣùgbọ́n n kò sọ fún Màmá. Báwo ni n óò ṣe dé iwájú wọn kí n ní, "Màmá, mo ti ka oore tí mo ṣe yín, ẹ bá mi jẹ́rìí"? Àṣìṣe tèmi nìyẹn, n kò fi kan ẹnikẹ́ni.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n kọ̀wé sí mi. Wọ́n ní àwọn ti pe obìnrin tí mo kọ orúkọ rẹ̀, ó ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá ìwé ìfọwọ́sí mi dúró. Wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ayédèrú ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò, ẹ̀ẹ̀mejì, nínú ìwé ìlà méje.

Mo gba Clarkston lọ.

"Màmá, ṣé ẹnì kan pè yín nípa mi?"

Ojú Màmá tàn. "Wọ́n pè mí. Obìnrin kan ni, ohùn ẹ̀ tutù bí omi àmù. Òyìnbó ló ń sọ, ìwọ̀nba tí mo gbọ́ ni mo fi dá a lóhùn. Ó dárúkọ ẹ délẹ̀délẹ̀, ó ní ṣé mo mọ̀ ẹ́. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ó ní ṣé o máa ń wá bá mi lọ sọ́sibítù. Mo ní ta ni? Mo ní èmi nìkan ni mò ń gbé, mi ò lálejò. Mo pa fóònù." Wọ́n gbá mi lórúnkún. "Má da ara ẹ láàmú. Mo bò ẹ́ dáadáa."

Mo wà níbẹ̀, n kò lè sunkún, n kò lè rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ilé-ìwé mi ni."

"Èwo nilé-ìwé? Nígbà tí ìwé ìgbélùú Káyọ̀dé ò tíì pé, bí àwọn ìmígíréṣọ̀n ṣe máa ń pè nìyẹn. Ohùn tútù. Ẹni tí mi ò rójú ẹ̀ tó wá ń bi mí léèrè ọmọ, ṣé kí n wá fa ọmọ lé e lọ́wọ́ ni?"

Mo ṣàlàyé. Mo rọra ṣe é, ṣùgbọ́n mo sọ gbogbo rẹ̀: ìwé ìfọwọ́sí, ayédèrú, ọjọ́ mẹ́wàá. Ọwọ́ Màmá kúrò lórí orúnkún mi.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀?"

"Ojú ló ń tì mí, mà."

"Ojú ló ń tì ẹ́. O rí egbò mi. O rí ìhòòhò mi. Ojú wá ń tì ẹ́ láti ní kí n lanu."

Màmá fọwọ́ wá báàgì wọn, wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀.

"Ọjọ́ wo la máa lọ?"

"Màmá, èmi nìkan ni wọ́n pè."

"Mo ní ọjọ́ wo."

Níwájú ìgbìmọ̀

Ẹni mẹ́ta ló jókòó yí tábìlì ká, Ìyá Oníwákàtí ṣe ìkẹrin wọn. Màmá wọ ìró àti bùbá, wọ́n gbé kóòtù òtútù Káyọ̀dé lé e, apá rẹ̀ bò wọ́n lọ́wọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀, wọ́n dá mi dúró, wọ́n ní n kò lè ṣe ògbufọ̀ nínú ẹjọ́ ara mi. N kò bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Wọ́n gbé fóònù sáàárín tábìlì, ohùn ọkùnrin kan sì jáde látinú rẹ̀. Mo wo Màmá.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni ohùn náà wí.

Màmá tẹ̀ síwájú. "Káàárọ̀ o, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?"

"A dúpẹ́, mà. Ẹ kú òtútù."

"Òtútù ò ní mú ẹ. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ?"

Ìyá Oníwákàtí tẹ̀ sí etí mi. "Kí ni wọ́n ń sọ?"

"Wọ́n ń kíra wọn."

Ó wo aago ara ògiri. "Ṣé wọ́n mọra tẹ́lẹ̀ ni?"

"Rárá."

Nígbà tí ìkíni parí, ọ̀kan nínú wọn béèrè iye wákàtí tí mo lò lọ́dọ̀ Màmá.

"Bá mi bi í," Màmá wí, "nígbà tí ara ìyá ẹ̀ ò yá, ṣé aago ló ń wò?"

Ohùn náà ní Màmá sọ pé àwọn kò ka wákàtí. Ìyẹn kọ́ ni Màmá sọ. Mo la ẹnu, wọ́n nawọ́ sí mi pé kí n pa á dé. Ẹ kọ ìyẹn náà mọ́ ẹ̀sùn mi.

Wọ́n béèrè ìdí tí Màmá fi sọ pé àwọn kò mọ̀ mí.

"Torí pé mo mọ̀ ọ́n ni."

Èyí, ohùn náà túmọ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Màmá wá ṣí báàgì, wọ́n fọwọ́ wá inú rẹ̀, wọ́n mú ìwé orin wọn jáde. Ìwé náà ti sanra ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú Ìyá Oníwákàtí. Sítíkà ni. Orúkọ mi, ọjọ́, àkókò. Orúkọ mi, ọjọ́, àkókò. Nítorí ojú wọn, ìlà rẹ̀ kò gún, àwọn mìíràn dorí kodò. Wọ́n ti kún ẹ̀yìn ìwé, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bo àwọn orin ìsìnkú mọ́lẹ̀.

Ìyá Oníwákàtí kà wọ́n. Ọ̀kanlélọ́gọ́ta. Ìdajì ọjọ́ ni ìrìn kọ̀ọ̀kan ń gbà, nítorí náà ó ju igba tí mo kọ lọ. Ó béèrè ìdí tí Màmá fi tọ́jú wọn.

"Orúkọ ọmọ ni wọ́n kọ sí i," ni Màmá wí. "Ṣé kí n wá ju orúkọ ọmọ sínú pàǹtí ọsibítù ni?"

Wọ́n kọ ìwé ìfọwọ́sí fún mi. Ó pẹ́ ní ọjọ́ mẹ́tàlélógún. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ti tilẹ̀kùn, àwọn kan ní kí n dúró ná, mo ṣì wà lórí ìdúró. Wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi nínú ìwé. Kò sẹ́ni tó tọrọ tirẹ̀ lọ́wọ́ Màmá. Ẹ̀sùn ìkẹyìn nìyẹn, Bọ̀dá Táyọ̀, òun ló sì wúwo jù.

Ìkirè

Aunty kò tẹ̀ lé mi wá. Wọ́n ní ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí n mú dòdò bọ̀, kí n má gbàgbé.

Ojú Màmá Àgbà ti burú ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Lálẹ́ tí mo dé, ọwọ́ ni wọ́n fi wo ojú mi, láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Wọ́n ní Àdùkẹ́ àwọn rù. Ọdún méjì ó lé ni mo fi di apá màmá elòmíràn mú wọ ọsibítù, tí mo ń béèrè oògùn ojú fún wọn lédè tó já gaara. Ọmọ aládùúgbò ló ń kán ti Màmá Àgbà sí wọn lójú, nígbà tó bá rántí. Kò sí àlàfo fún ìyẹn nínú fóòmù.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn ojú ní Òṣogbo. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ni Màmá Clarkston máa ń lọ wẹ egbò wọn, mo sì ń rò ó pé ta ló wà lọ́dọ̀ wọn, ta ló ń bá wọn wí i. Lẹ́ẹ̀kan, mo rí i pé ọwọ́ mi ti lọ sí àyà mi, ó ń wá sítíkà tí kò sí níbẹ̀.

Nígbà tó kàn wá, nọ́ọ̀sì kan yọjú pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Ó wo Màmá Àgbà, ó wo èmi àti bàtà Atlanta tó wà lẹ́sẹ̀ mi.

"Màmá, ta ló mú yín wá? Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n?"

Kí n tó la ẹnu, Màmá Àgbà ti di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Àdùkẹ́ mi nìyẹn. Ta ni ò mọ̀ ọ́n?"

Nọ́ọ̀sì kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó ní ká máa bọ̀.